Pásítọ̀ tí ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ: ọ̀rọ̀ mi lórí kóòṣì Amos Alonzo Stagg

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tíṣà eré ìdárayá sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síta. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, ibi tí mo ti ń húkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé ebi ti ń pa yín díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ n kúkú bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ.

Oúnjẹ àárọ̀ ni, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Murray Hill, ní New York, lọ́dún 1890. Èèyàn méjì ló jókòó sídìí tábìlì. Ọ̀kan ni William Rainey Harper, tíṣà èdè Hébérù ní yunifásítì Yale, ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi jẹ olórí yunifásítì tuntun kan ní Chicago, owó Rockefeller, bàbá olówó epo yẹn, ni wọ́n sì fẹ́ẹ́ fi dá a sílẹ̀. Yunifásítì ọ̀hún ò tíì ṣílẹ̀kùn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ò tíì wọ ibẹ̀. Ẹnì kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jókòó ní kíláàsì Harper rí, Amos Alonzo Stagg. Harper ní òun ń wá ẹni tó máa bá òun dá ẹ̀ka eré ìdárayá sílẹ̀, òun á máa san $1,500 lọ́dún. Bọ̀bọ́ yìí dákẹ́. Harper ní ó dáa, $2,000 ńkọ́? Ó tún dákẹ́, ó ń wo abọ́. Ni Harper bá ní toò, $2,500, màá sì fi ẹ́ sípò purofẹ́sọ̀ kékeré, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè lé ẹ kúrò nídìí ẹ̀ títí ayé ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nájà rí ní Gbági ẹ máa sọ pé áà, ọmọ yìí mọ ọjà á ná o! Rárá. Stagg fẹnu ara ẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé ọ̀rọ̀ náà ló ṣàjèjì sí òun, òun ń rò ó lọ́wọ́ ni, òun ò mọ èsì tí òun máa fọ̀. Ìdákẹ́ ló fi gba $1,000 lé lórí owó àkọ́kọ́. (Wọ́n rẹ́rìn-ín.)

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, àmọ́ nínú gbogbo nǹkan tí Harper kà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, owó kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Àyè purofẹ́sọ̀ yẹn ni. Lásìkò yẹn ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó ń pe kóòṣì ní òṣìṣẹ́ yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe eré wọn fúnra wọn, kápútéènì wọn ló ń yan ẹni tó máa wọ pápá, bí wọ́n bá wá ríṣẹ́ ṣe, wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n kan tó ti gbá a rí wá bá wọn fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan pariwo lé wọn lórí. Ìyẹn náà ni kóòṣì. Stagg lẹni àkọ́kọ́ tí yunifásítì máa gbà síṣẹ́ bíi tíṣà tòótọ́, tó ní ẹ̀ka tirẹ̀, tó ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tó ń jókòó sípàdé pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ Gíríìkì àti kẹ́mísírì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jùyẹn lọ. Àwọn èèyàn máa ń ka àrà tó dá nínú bọ́ọ̀lù, màá ka díẹ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi àga yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀ láyé. Oore tó tìdí ẹ̀ jáde pọ̀, wàhálà tó tìdí ẹ̀ jáde náà ò kéré.

Mo ń sọ eléyìí torí ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí nílé wa níbí. Tíṣà eré tó kọ́ mi níléèwé girama, Jọ́gíráfì ló ń kọ́ wa lówùúrọ̀, lọ́sàn-án ó máa bọ́ ṣòkòtò, ó máa wọ níkà tó ti pọ́n lára, àpò ara ẹ̀ ló sì fi ń ra bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan tó lọ bèèrè owó nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ṣé eré náà tún ń náni lówó ni. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́. Kò dá wọn lóhùn, ó kàn jáde, ó ní ká lọ fi okùn hun èyí tó ya. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀rọ̀ àga yìí, mi ò kà á nínú ìwé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Ògọ́sì ọdún 1862 ni wọ́n bí Stagg ní West Orange, New Jersey, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jó lala lọ́wọ́. Bàbá ẹ̀ ń ṣe bàtà, tí kò bá sí bàtà a lọ ṣiṣẹ́ lébìrà. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, òun ni ìkarùn-ún. Kò sówó. Ìgbà tó fi máa dé Yale ó ti tó ẹni ọdún méjìlélógún, òkè àjà ilé onílé ló ń sùn, bisikíìtì àti búrẹ́dì ló sì fi ń ti ọjọ́ títí ara ẹ̀ fi ń kọminú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú gààrí, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín.

Ohun tó gbé e lọ Yale ni pé ó fẹ́ ṣe pásítọ̀. Ohun tó sọ ọ́ dolókìkí níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù baseball, eré tí ẹnì kan á máa ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹlòmíì á mú igi dání tí á fẹ́ fọ́n ọn lọ. Stagg lẹni tó ń jù ú, ó sì mọ̀ ọ́n jù débi pé tíìmù Giants ti New York ní àwọn á fún un ní $4,200. Fún ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì! Ó ní òun ò ṣe. Ó ní òun fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ Olúwa, àti pé ibi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí nínú pápá, òun ò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti rò ó títí, èmi ì bá gbowó yẹn, ẹ má jẹ́ ká tanra wa jẹ.

Ó tún ń gbá football tiwọn. Ẹ gbọ́, bí mo bá ń sọ football lónìí, tiwọn ni mò ń wí o, kì í ṣe tiwa tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù tó ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì bí ìbẹ́pẹ kékeré, wọ́n á gbá a mọ́ àyà, wọ́n á sáré, àwọn yòókù á sì máa gbé ẹni tó mú un ṣánlẹ̀. Ní 1889, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yan àwọn mọ́kànlá tó mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, orúkọ Stagg wà níbẹ̀. Kò ga, kò sanra. Ó kàn ya alágídí ni.

Iṣẹ́ pásítọ̀ wá ńkọ́? Ahọ́n ẹ̀ ò rọ̀. Ó dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ di mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ rárá. Ó dùn ún o, àmọ́ ó gbà pé òótọ́ ni. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà, ó ní bí òun ò bá lè gun àga ìwàásù, òun á kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìwà ọmọlúàbí látorí pápá. Ni ó bá lọ sí iléèwé YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, ní Springfield, Massachusetts, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Springfield yìí, ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ díẹ̀ torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Nínú tíìmù tí Stagg kó jọ níbẹ̀, ọmọ Kánádà kan wà tó ń jẹ́ James Naismith. Naismith bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó jẹ́ pé àárín gan-gan lo fi mí sí. Stagg ní torí pé ìwọ lo lè ṣe ìkà tó burú jù bí ẹni pé ọmọlúàbí lò ń ṣe. Naismith yìí náà ló dá eré basketball sílẹ̀ ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1891, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ló gbé kọ́ sára ògiri. Nígbà tó di oṣù Máàṣì 1892, wọ́n pe àwọn èèyàn wá wò ó fúngbà àkọ́kọ́, tíṣà kọjú akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ jẹ 5, tíṣà jẹ 1, Stagg ló sì jẹ ẹyọ kan yẹn. Ìwé ìròyìn ìlú náà kọ ọ́ pé òun ni gbogbo ojú ń wò, ó wọ aṣọ búlúù Yale, kò síbi tí ìjàkadì wà tí ò sí níbẹ̀, àmọ́ football ò jẹ́ kó gbádùn, ṣe ló ń ti àwọn èèyàn kiri, rẹ́fírì ń fọn fèrè. Ọkùnrin yìí sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ilé ìyẹ́sí basketball ní 1959. Ayé!

Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀tóbà 1892 ni Chicago ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Stagg pe àwọn ọmọ jáde wá tiréènì. Wọn ò pé, ni kóòṣì fúnra ẹ̀ bá wọṣọ, ó bá wọn gbá a. Pápá náà ò tíì sí. Marshall Field, olówó tó ni ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn ní Chicago, ló yọ̀ǹda ilẹ̀, Stagg àtàwọn ọmọ ẹ̀ mú háńmà, wọ́n fọwọ́ ara wọn kan fẹ́ǹsì yí i ká. Orúkọ Marshall Field ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é, kó tó wá di Stagg Field.

Harper ní tiẹ̀, ẹ má rò pé ìfẹ́ eré nìkan ló ń ṣe é. Ó ní yunifásítì tuntun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, Harvard àti Yale ti lé ní igba ọdún tàbí kó máa lọ síbẹ̀. Kí ló máa yára gbé orúkọ ẹ̀ dénú ìwé ìròyìn? Kì í ṣe Hébérù! Wọ́n sọ pé lọ́jọ́ kan tí tíìmù yunifásítì Wisconsin ń nà wọ́n, Harper wọ yàrá ìsinmi wọn ní háàfù táìmù, ó ní ẹ̀yin ọmọ, Rockefeller ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fún wa ní mílíọ̀nù $3 ni, ó gbà pé yunifásítì yìí máa di ńlá, bẹ́ ẹ ṣe ń gbá a yìí ó ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yin ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà wọlé, wọ́n sì borí. Olórí yunifásítì ló ṣe èyí o, ọ̀mọ̀wé Bíbélì.

Ní òpin ọdún 1894 Stagg kó wọn sínú rélùwéè, ó di California. Kò sí tíìmù agbègbè wọn tó ṣe irú ẹ̀ rí, ìrìn náà lé ní 6,000 máìlì ní àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ Kérésì gan-an ni wọ́n kojú Stanford ní San Francisco. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún yẹn náà ló fẹ́ Stella Robertson, akẹ́kọ̀ọ́ Chicago. Obìnrin yìí, ẹ má fojú di í. Ìwé àti pẹ́ńsùlù ló máa ń mú jókòó, á máa ya bí tíìmù kejì ṣe ń rìn, ta ló sáré gba ibo, ta ló ń rẹ̀, ọkọ ẹ̀ á wá ka á lálẹ́. Lóde òní ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti owó oṣù. Ìyàwó kóòṣì ló ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn àrà tó dá: kó tó kúrò ní Yale ló ti ká bẹ́ẹ̀dì, ó fi okùn so ó rọ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa fò mọ́ ọn kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ láìfọ́ ara wọn. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ eléré. Kí agbábọ́ọ̀lù kan máa sáré lẹ́yìn ìlà kó tó di pé bọ́ọ̀lù gbéra, kí wọ́n tan èèyàn lọ sápá ọ̀tún kí bọ́ọ̀lù gba òsì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ mọ́ ọn lórúkọ. Wọ́n tún ní òun ló dá àkópọ̀ yẹn sílẹ̀, tí gbogbo tíìmù á ti orí bọ ara wọn kí wọ́n tó gbá a. Níbẹ̀ yẹn èmi dúró díẹ̀ o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití ní Gallaudet, ní Washington, ní àwọn làwọn kọ́kọ́ ṣe é, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, tí wọn ò bá kóra jọ, àwọn ọ̀tá á rí gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Èrò yẹn mọ́gbọ́n dání lójú mi ju ti Stagg lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹyin. Ní 1897, Clarence Herschberger lẹni tó ń bá wọn ta bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, ọ̀gá ni. Wọ́n fẹ́ẹ́ kojú Wisconsin. Òun àti ẹnì kan nínú tíìmù ń bára wọn figagbága nídìí oúnjẹ, ta ló máa tẹ̀wọ̀n jù. Ó gbé ẹyin mẹ́tàlá mì. Inú dàrú, kò lè gbá a, Wisconsin sì nà wọ́n. Stagg ní kì í ṣe ọmọ Wisconsin mọ́kànlá ló nà wá, ẹyin mẹ́tàlá ni. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ máa ṣọ́ àwọn ọmọ yín nídìí ìrẹsì tó bá dọjọ́ inter-house.

Ìwà ẹ̀ wá ńkọ́? Kò mutí, kò mu sìgá, kọfí pàápàá kò mu. Kì í ṣépè, kì í bú èèyàn ìbúkúbùú. Bó bá bínú dé góńgó, á ní ìwọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Bó bá wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀nà méjì! Ó jọ pé lọ́jọ́ mìíì, tí tiréènì bá fi máa parí, kò sí èèyàn kankan lórí pápá mọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kù. Nígbà tí ẹ̀yìn àti itan ń dùn ún tí ò lè dúró pẹ́, ó ra mọ́tò kékeré tó ń lo iná mànàmáná, ó ń wà á kiri orí koríko, ó ń pariwo látinú ẹ̀.

Ọdún 1905 ni gbogbo ẹ̀ pàdé, ògo àti ìtìjú. Michigan, abẹ́ kóòṣì Fielding Yost, ti gbá ìdíje 56 láìfìdí rẹmi. Ọjọ́ 30 oṣù Nòfẹ́ńbà wọ́n wá sí Chicago, èèyàn bí 27,000 kún ibẹ̀, òtútù ń mú. Ẹnikẹ́ni ò jẹ. Nígbà tó yá Walter Eckersall, kúotabáàkì Stagg, ìyẹn ẹni tó ń darí eré wọn lórí pápá, ta bọ́ọ̀lù gíga kan tó kọjá ìlà Michigan, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Denny Clark gbá a mú lẹ́yìn ìlà tiwọn. Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀ ni, kò sí nǹkan kan. Ó sáré jáde. Ọmọ Chicago kan, Mark Catlin, gbá a mú, wọ́n gbé e padà sẹ́yìn ìlà, wọ́n ṣán an mọ́lẹ̀. Póíǹtì méjì. 2 sí 0 ló parí sí, Chicago gba ife ẹ̀yẹ. Clark, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ò jẹ́ kó gbádùn ayé ẹ̀, wọn ò yéé bi í.

Àmọ́ ọdún yẹn kan náà, ó kéré tán ọmọ 18 ló kú sídìí eré yìí káàkiri Amẹ́ríkà. Ó kú o! Ọrùn ń ṣẹ́, orí ń fọ́, wọ́n á so ara wọn pọ̀ bí òkìtì, wọ́n á ya lu ẹnì kan. Ààrẹ Theodore Roosevelt pe Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House pé ẹ tún eré yín ṣe. Àwọn iléèwé kan pa á tì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó di NCAA, àwọn tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ṣẹ̀, ní 1906 sì ni wọ́n yí òfin padà, wọ́n ní ẹni tó bá mú bọ́ọ̀lù lè jù ú síwájú, kí àwọn èèyàn lè fọ́n káàkiri pápá dípò kí wọ́n máa tẹ ara wọn pa. Stagg wà lára ìgbìmọ̀ òfin yẹn láti 1904 títí tó fi kú. Ọ̀pọ̀ kóòṣì kórìíra jíju bọ́ọ̀lù yìí, òun kọ́kọ́ kó àrà bí ọgọ́ta jáde nípa ẹ̀, ó kàn jókòó ya wọ́n sínú ìwé ni.

Ọ̀rọ̀ Eckersall ọ̀hún ńkọ́? Kò gboyè. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Chicago títí, wọ́n kọrin ẹ̀ káàkiri, ẹ̀kọ́ tó ṣe níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ibi tí àga purofẹ́sọ̀ yẹn ti ń wúlò fún nǹkan mìíì nìyí o. Owó ìwọlé pápá ń ya wọlé, ọwọ́ Stagg ló wà, kì í fẹ́ kí ọ́fíìsì owó yunifásítì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti 1902 ló ń pe àwọn ọmọ girama wá díje eré sísá ní Chicago lọ́dọọdún, ohun rere ni, àmọ́ ojú ẹ̀ wà lára àwọn tó máa kó wọlé. Ọkùnrin tí ò lè gba kí wọ́n mu bíà nínú pápá, ó gbà kí ọmọ tí ò kàwé máa wọ aṣọ yunifásítì. Mi ò sọ pé alágàbàgebè ni. Mo rò pé ó gbà tọkàntọkàn pé pápá gan-an ni kíláàsì, ẹni tó bá ti wà lọ́dọ̀ òun ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wa tá a wà níbí la ti rò bẹ́ẹ̀ rí nípa ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n gbá.

Lẹ́yìn tí mo ti sọ ìyẹn, ẹ tún gbọ́ òdìkejì ẹ̀. Oṣù Ọ̀tóbà 1922, Princeton wá sí Chicago, wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò láti ibẹ̀ títí dé New York. Princeton ń fi 21 sí 18 nà wọ́n, Chicago ti dé ẹnu ìlà gan-an, ìṣẹ́jú ti ń tán. Àwọn tó jókòó ti Stagg ní rán ẹnì kan wọlé kó lọ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn. Ó ní rárá, ìgbìmọ̀ òfin ò fẹ́ kí a máa fi ẹni tó ń wọlé ránṣẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo kóòṣì ló ń ṣe é? Òun náà mọ̀. Ọmọ ẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù dorí ibi tí wọ́n ti ń retí ẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n pàdánù. Òun ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin náà, kò lè máa fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Èmi ò lè sọ pé màá ṣe bíi tiẹ̀.

Ife Big Ten, líìgì àwọn yunifásítì agbègbè wọn, méje ló gbà láàárín 1899 sí 1924. Ó bá Amẹ́ríkà lọ sí Òlíńpíìkì. Lẹ́yìn 1924 nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, àwọn yunifásítì ìjọba tó pọ̀ lérò ti ń kó gbogbo ọmọ tó lágbára. Ní 1929, Robert Maynard Hutchins di olórí Chicago, ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré, kò sì fẹ́ràn eré. Òfin wà pé ẹni tó bá pé àádọ́rin, kó lọ sinmi. Stagg pé àádọ́rin ní 1932. Ọdún mọ́kànlélógójì! Iṣẹ́ tí Harper ní ẹnikẹ́ni ò lè lé e kúrò nídìí ẹ̀ títí ayé, ọjọ́ orí lé e. Wọ́n ní àwọn á fún un níṣẹ́ mìíì, ipò olóyè tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀, owó á máa wọlé. Ó ní òun ò lè gba iṣẹ́ tí kò síṣẹ́ nínú ẹ̀.

Àbúrò kan bi mí níbẹ̀ yẹn pé ṣé kò lówó nípamọ́ ni? Mo ní àbúrò, ọ̀rọ̀ owó kọ́. Bàbá yìí di ẹrù, òun àti Stella, wọ́n di Stockton ní California, iléèwé kékeré kan tó ń jẹ́ College of the Pacific, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní 1938 ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ padà wá sí Chicago, sórí pápá tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ, wọ́n sì na Chicago 32 sí 0. Wọ́n ní Stagg ò yọ̀. Èmi gbà bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ èmi ì bá yọ̀ díẹ̀ nínú mọ́tò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Hutchins fagi lé football pátápátá. Pápá di ahoro, koríko hù, wọ́n wá rí i lò: ọjọ́ 2 oṣù Dìsẹ́ńbà 1942, lábẹ́ ìjókòó apá ìwọ̀ oòrùn Stagg Field, níbi tí wọ́n ti ń gbá squash, Enrico Fermi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ to búlọ́ọ̀kù gráfáìtì àti yùréníọ̀mù jọ, wọ́n sì tan agbára átọ́ọ̀mù tí èèyàn lè ṣàkóso fúngbà àkọ́kọ́ láyé. Lábẹ́ ibi tí èèyàn ti ń pariwo gooo!

Ọdún 1943, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ ẹ̀ dìbò, wọ́n ní òun ni kóòṣì ọdún náà. Ní 1946 Pacific náà ní bàbá, ó tó. Ó di Pennsylvania, iléèwé Susquehanna, ọmọ ẹ̀, Stagg kékeré, ni kóòṣì níbẹ̀, bàbá wá di igbákejì ọmọ ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ ń sọ pé dádì, mi ò fara mọ́ èyí o. Ní 1951 ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Nígbà tí ara Stella ò fẹ́ẹ́ le mọ́, ó padà sí Stockton, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù. Ẹni ọdún 98 ni, ní 1960, kó tó kọ̀wé pé ó ti tó àádọ́rin ọdún tí òun ti ń ṣe kóòṣì, ó jọ pé àkókò tó láti dúró. Stella kú ní 1964, òun tẹ̀ lé e ní 17 oṣù Máàṣì 1965, ẹni ọdún 102.

Ìdíje 314 ni wọ́n kà pé ó borí. Kò sẹ́ni tó kọjá ẹ̀ nínú àwọn kóòṣì yunifásítì ńlá títí di 1981 tí Bear Bryant ti Alabama kó 315.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ẹ́ sọ ni ti Stagg Bowl. Ní 1973 wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ìdíje àṣekágbá football NCAA kan. Kì í ṣe ti àwọn yunifásítì ńlá tó ń san ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là fún kóòṣì. Ti Division III ni, ibi tí wọn kì í fún ọmọ kankan ní sikọ́láṣíìpù torí bọ́ọ̀lù, tíṣà kẹ́mísírì lè lé kápútéènì wá sílé tó bá féèlì. Chicago fúnra ẹ̀ dá football padà ní 1969. Division III náà ló wà.